Olódo Tó Gba Adé

Mo júbà kí n tó la ẹnu. Mo júbà àgbà tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, mo júbà ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ni òru. Mo júbà gbogbo ẹni tó ti di báàtì mú lórí pápá kríkẹ́ẹ̀tì rí, yálà ó fi gbá bọ́ọ̀lù, yálà ó kàn fara tì í kó má baà ṣubú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu mi kó bá mi, nítorí àgbàlagbà ni ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i, oṣù kẹta ọdún 1995 ló sì papò dà, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 93. Ẹ ò rí nǹkan? Níbẹ̀ náà, ọ̀kan péré tó yẹ kó fi kún un, kò rí i fi kún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá arúgbó náà ni mo ń bá wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 28 tó wọ pápá lọ́dún 1930 ni mo ń bá wí, ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní “ó”, kí ahọ́n mi lè yá.

Arthur Henry Seymour Clark lorúkọ rẹ̀. Orúkọ mẹ́rin gbáko! Ó jọ pé òbí rẹ̀ ti fojú inú rí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò wọ ìwé àkọsílẹ̀ kríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mọ̀ pé bí orúkọ kò bá kún ojú ewé náà, kò sí ohun mìíràn tí yóò kún un. Ọmọ Weston-super-Mare ni, ìlú etí òkun kan ní Somerset, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, níbi tí omi òkun ti máa ń fà sẹ́yìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó wá lúwẹ̀ẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ẹrẹ̀ wẹsẹ̀. Awakọ̀ rélùwéè ni. Ó ti di ọmọ ọdún 25 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kríkẹ́ẹ̀tì rárá. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ikọ̀ kríkẹ́ẹ̀tì Somerset fi ránṣẹ́ pè é sí ipele àgbà, níbi tí káńtì, ìyẹn agbègbè bíi Somerset, ti ń bá káńtì figagbága. Eré 5 ló gbá níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló sì gbé báàtì wọ pápá. Ayò tó jẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án yìí, ẹ jẹ́ kí n mí kanlẹ̀ kí n tó kà á: òdo.

Kì í ṣe òdo ẹ̀yìn 1 tó ń di 10 o. Kì í ṣe òdo méjì tó ń rọ̀ mọ́ ọgọ́rùn-ún. Òdo rìbìtì tó dá dúró ni, tí kò bá nọ́ńbà kankan tan.

Ẹni tí kò bá mọ kríkẹ́ẹ̀tì lè rò pé ayò ṣòro jẹ nínú eré náà bí góòlù ṣe ṣòro jẹ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó tì o. Wọ́n á ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á ri mẹ́ta mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, yáàdì 22 á sì wà láàrin wọn. Ẹnìkan á sáré wá ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó di báàtì mú á dúró níwájú igi tirẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà wó o, torí bí igi bá wó, wọ́n ti lé e jáde nìyẹn. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù náà, tó yí lọ síbi tí ọwọ́ ọ̀tá kò ti tètè tó o, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á sáré pàrọ̀ ipò. Ayò kan nìyẹn. Kò pọn dandan kó gbá a lọ jìnnà. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣèèṣì ha etí báàtì, tó gba ẹ̀yìn yọ́ lọ, ayò ni. Ẹni tó dijú gbọn báàtì nítorí ẹ̀rù ti jẹ ayò rí. Ẹni tó ń gbìyànjú láti sá fún bọ́ọ̀lù ti jẹ ayò rí. Báàtì ọ̀hún fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin, gígùn rẹ̀ sì lè tó ínǹṣì 38, pákó gidi ni. Kí èèyàn gbé pákó tó tó báyìí jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, kí bọ́ọ̀lù má sì bá a ṣe àṣìṣe oore kan ṣoṣo, àfi kó jẹ́ pé wọ́n jọ mulẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí kò sí ìṣirò tó rọrùn bíi ti Clark láyé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbá eré káńtì kan nígbà náà, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè gbá báàtì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́nà 5 jẹ́ 10. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni Clark wọlé. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo eré márààrún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Somerset rí ọgbọ́n dá tí báàtì kò fi kan ọwọ́ rẹ̀. Nínú 9 yìí, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n lé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, eré parí mọ́ ọn lọ́wọ́: kò kú, kò sì jẹ. Akọ̀wé tó bá fẹ́ mọ ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò pín òdo sí ọ̀nà 7. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá kùnà ìṣirò yìí, kí wọ́n yáa fà á lé Somerset lọ́wọ́, àwọn ló máa ń rí ipò fún irú wọn.

Irú akọni báyìí kò yẹ kó lọ láìní oríkì. Mo ti bá a kì í:

Clark ọmọ Weston, ọmọ olómi-sá-lọ,
a-wọlé-má-pẹ́, a-jáde-má-mú-nǹkan-bọ̀.
Ó gbé báàtì bí ọba gbé ọ̀pá àṣẹ,
bọ́ọ̀lù ní òun ò mọ ọba náà rí.
Òdo ń lọ, òdo ń bọ̀,
òdo ló gbé wọ pápá, òdo ló gbé kúrò,
kò sọ ti ọwọ́ rẹ̀ nù lọ́nà.

Ẹnìkan á sọ pé bóyá ọdún náà ni kò dáa, bóyá òjò pọ̀, bóyá ilẹ̀ England kò gba báàtì lọ́dún yẹn. Ẹ gbọ́ o. Ọdún 1930 yẹn gan-an ni Don Bradman ti Australia dé England, ọmọ ọdún 21. Eré 5 lòun náà gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Clark ṣe gbá 5 fún Somerset. Ní Leeds nìkan, Bradman jẹ 334. Ní Lord's, ó jẹ 254. Ní The Oval, 232. Ní Trent Bridge, 131. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 974. Ọdún kan náà, ilẹ̀ kan náà, eré márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn ni pé Clark àti Bradman jọ jẹ ayò 974 lọ́dún yẹn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n pín owó iṣẹ́, Clark ni kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ó mọ ìpín tirẹ̀. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé lọ́dún 1948, nígbà tí Bradman fẹ́ gbá báàtì kẹ́yìn fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ayò 4 péré ló kù kí ìpíndọ́gba rẹ̀ pé 100. Eric Hollies ju bọ́ọ̀lù, igi wó, Bradman jáde pẹ̀lú òdo. Ìpíndọ́gba dúró sí 99.94. Ogún ọdún ni ọba báàtì fi rìn kó tó dé ibi tí Clark ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn alátakò yóò dìde. Wọ́n á ní kì í ṣe Clark nìkan. Wọ́n á mú Mark Robinson wá, ẹni tó lọ gbá fún Northamptonshire lọ́dún 1990 ní ẹ̀ẹ̀méjìlá léra wọn láìjẹ ayò kan. 12 ju 9 lọ, mo gbà. Àmọ́ Robinson ti jẹ ayò kó tó bẹ̀rẹ̀ òdo rẹ̀, ó sì tún padà jẹ òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó gbààwẹ̀ láàárọ̀, tó fi iyán ṣínu lọ́sàn-án, kò gbọdọ̀ bá olóòótọ́ du ipò. Clark kò fẹnu kàn án látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú gbogbo ìtàn kríkẹ́ẹ̀tì ipele àgbà, kò sí ẹlòmíràn tó tíì gbá báàtì tó bẹ́ẹ̀ yẹn tó fi fẹ̀yìn tì láìjẹ ẹyọ kan. Àwọn yòókù kàn ń gbìyànjú ni. Clark jẹ́ ògbóǹtagí.

Síbẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ba ti Clark jẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ bà á jẹ́ kì í ṣe ọ̀tá, aláàánú ni.

Nígbà tí Somerset pàdé Essex, Peter Smith ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Essex. Àánú Clark ṣe é. Ó rí ọkùnrin tó ń wọlé tó ń jáde bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó sì sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kí òun fún un ní ọ̀kan péré kó fi bu ẹnu jẹ. Ló bá rọra ju bọ́ọ̀lù kan tí kò ní agbára, tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé iwájú báàtì. Bọ́ọ̀lù tó rìn débi Clark ni, kò sáré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Clark wò ó, ó gbé báàtì, ó gbá ìgbá. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ wó igi.

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín ná. Ẹ bá mi ro ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní báàtì kan bọ́ọ̀lù yẹn. Clark ì bá ní ayò 1. Ẹni tó ní ayò 1 láyé kríkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé kà, wọ́n pọ̀ bí ẹṣú. Ta ni yóò rántí rẹ̀? Èmi kọ́. Ẹyọ kan tí Smith fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, òun ni ì bá sọ ọ́ di ẹni ìgbàgbé títí ayé. Ṣùgbọ́n Clark, ọlọ́gbọ́n ọmọ, kọ oore náà. Àwọn kan ń kọ owó ẹ̀gúnjẹ, Clark kọ ayò ẹ̀gúnjẹ.

Smith náà kò lọ láìjèrè ìwà rẹ̀. Lọ́dún 1933, wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ sí i pé England ti mú un fún eré tí wọ́n fẹ́ gbá pẹ̀lú West Indies. Ó di ẹrù rẹ̀, ó dé The Oval, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe: ẹlẹ́fẹ̀ kan ló fi í ṣeré. Mi ò sọ pé Clark ló fi wáyà ránṣẹ́ o. Awakọ̀ rélùwéè mọ ọ̀nà ọ́fíìsì wáyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá di ọdún 1947, Smith yìí kan náà wọlé ní ipò kọkànlá, ipò àwọn tí kò mọ báàtì gbá, nígbà tí Essex ń bá Derbyshire gbá ní Chesterfield. Ó jẹ 163. Ẹni tó gba ipò kọkànlá tó jẹ ayò jù ú lọ ní ipele àgbà, kò tíì sí. Èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé gbogbo ayò tí Clark kọ̀ ni wọ́n kó fún un lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dojú yẹ̀yẹ́ kọ Somerset náà díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba òdo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹnìkan ń rán an jáde. Láti ọdún 1891 ni Somerset ti wà nínú County Championship, ìdíje àwọn káńtì. Wọn ò tíì gba ife-ẹ̀yẹ náà rí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwọn ọba ti jẹ, wọ́n ti wàjà, ogun àgbáyé méjì ti kọjá, Somerset ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn lásìkò Clark, ẹni tó bá ráyè lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń kó jọ. Jack White, balógun wọn, àgbẹ̀ ni. Clark, awakọ̀ rélùwéè. Bí wọ́n bá ti rí alágbẹ̀dẹ àti onígbàjámọ̀ kún un, ìlú kan ti pé, wọn ò kàn tíì ní ikọ̀ kríkẹ́ẹ̀tì ni.

Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ yìí dùn mí dọ́kàn. Bí ọkùnrin yìí bá burú tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n ń pè é padà? Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn ìkejì, ọmọ ìkókó mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n tún pè é sí ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún.

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́yìn igi mẹ́ta náà. Clark kò wá síbẹ̀ wá gbá báàtì, kípà ni. Wally Luckes, kípà Somerset gan-an, ara rẹ̀ kò yá lọ́dún yẹn, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò lóṣòó lẹ́yìn igi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa gba bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta, tó ń yí, tó ń ta, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Kí ó mú èyí tó ha etí báàtì. Kí ó dá èyí tó fẹ́ sá lọ dúró. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ojú àti ọwọ́ ni, àti orúnkún tí kò mọ ìráhùn. Àwọn tó rí Clark lẹ́nu rẹ̀ jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Bọ́ọ̀lù 8 ló mú láfẹ́fẹ́ nínú eré 5 yẹn, ó fi lé oníbáàtì 8 padà sílé. Ọwọ́ kan náà tí kò rí bọ́ọ̀lù nígbà tó di pákó mú ni kì í pàdánù rẹ̀ nígbà tó wọ ìbọ̀wọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá mọ̀ ọ́n ṣe, bí idán ni í rí. Èyí tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe náà ń rí bí idán nígbà mìíràn: ṣe ẹ rí bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ẹ̀mejì yẹn ṣe pòórá?

Òun fúnra rẹ̀ kò sì fi báàtì tan ara rẹ̀ jẹ. A gbọ́ pé ayò tó pọ̀ jù tó jẹ rí, títí kan eré ẹgbẹ́ ìlú lásán, kò ju 3 lọ. Àti pé nínú 3 yẹn, 2 jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀tá fi ọwọ́ ara wọn ju bọ́ọ̀lù sọnù fún un. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á ní “mo jẹ 3 lọ́jọ́ náà, ẹ ò bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ rí mi.” Clark ya 1 sọ́tọ̀, ó dá 2 padà fún ẹni tó ni ín. Bàbá Clark, ẹ kú ìwà ọmọlúàbí. Ká ní gbogbo wa ń ṣírò àṣeyọrí wa báyìí ni, ìwé ìwáṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá má ju ìlà kan lọ.

Nígbà tí ọdún náà parí, ohun tó ṣẹlẹ̀ tún pa mí lẹ́rìn-ín. Somerset gbé ìwé àdéhùn fún un pé kó wá di agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ ni o! Òdo 9, wọ́n sì ní kó wá gba owó oṣù. Ó sì kọ̀ ọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rélùwéè rẹ̀.

Ẹni tó bá ń fi í rẹ́rìn-ín níbi yìí, kó kọ́kọ́ wo bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ọrọ̀ ajé ti dojú dé láti ìgbà tí ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà ti wó lọ́dún 1929, àwọn tí kò níṣẹ́ ní Britain sì ti kọjá mílíọ̀nù méjì kí ọdún 1930 tó parí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni kríkẹ́ẹ̀tì, òtútù á dé, agbábọ́ọ̀lù á máa wá ohun tí yóò jẹ. Rélùwéè ń rìn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó sì dára fún awakọ̀ náà pé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń jùkò sí i kó fi pákó gbá a dànù. Irin méjì ti wà nílẹ̀, wọn kì í ta, wọn kì í yí, ibi tí wọ́n bá dorí kọ náà ni Clark ń lọ.

Adé rẹ̀ kò sì jọ èyí tí ẹnikẹ́ni yóò já gbà lónìí. Kípà ayé ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ mọ báàtì í gbá. Adam Gilchrist ti Australia ló ba ọjà jẹ́ fún wọn, kípà tó jẹ ayò tó lé ní 5,500 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú eré ọlọ́jọ́ márùn-ún nìkan. Láti ìgbà náà, olùkọ́ni yóò kọ́kọ́ bi kípà pé ayò mélòó ló ń jẹ kó tó bèèrè bóyá ó ní ọwọ́. Bí Clark bá tún ayé wá, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á wò ó, wọ́n á ní kó máa wa ọkọ̀ tó ń gbé ikọ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba adé yìí, iṣẹ́ wà níwájú yín. Ẹ kọ́kọ́ ní ọwọ́ tó dára débi tí àwọn àgbà yóò fi gbójú fo báàtì yín. Ẹ wá jáde lọ gbá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ má sì ṣèèṣì. Ẹ ṣọ́ra fún etí báàtì, ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́ aláàánú. Tí ẹ bá ṣe èyí yọrí, wọ́n á gbé ìwé àdéhùn fún yín. Ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi kíkọ̀ yìí lọ̀pọ̀ á ti kùnà, nítorí àwa tí à ń fi Clark rẹ́rìn-ín yìí mọ àwọn tó ti ń gba òdo láti ọjọ́ tí a ti dìbò yàn wọ́n, tí wọ́n tún ń lẹ àwòrán mọ́ gbogbo ògiri ìlú pé ká fún àwọn ní sáà kan sí i.